Ẹ Kọ Orúkọ Sí I: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Káàdì Àfọwọ́ṣe àti Ìwé Ìrántí

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún àwọn ìyá, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó péjọ ní Ìkòròdú nìyí. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo kọ ọ́ sílẹ̀. Kìkì ibi tí máíkù ti kọ̀ tí gbogbo wa ń wo ara wa ni mo yọ kúrò.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin bàbá mi. Ẹ ò pọ̀, ṣùgbọ́n mo rí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ẹ wọlé, àga ń bẹ níwájú. Mo júbà Kábíyèsí, Ayangburen ti Ìkòròdú. Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo kí àwọn tó ti Ìjẹ̀dẹ̀ wá, mo kí àwọn ará Ìgbógbó. Àwọn tó la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Mile 12 kọjá kí wọ́n tó débí, mo kí yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kú ewu.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń fọwọ́ ṣe káàdì fún ọ̀rẹ́ àti ẹbí, àti bí a ṣe ń to àwòrán sínú ìwé ìrántí, èyí tí àwọn ọmọ yín ń pè ní scrapbook. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín rò pé gígé àti lílẹ̀ ni mo bá wá. A máa gé, a sì máa lẹ̀. Tábìlì wà lẹ́yìn, ẹ ti rí i. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣáájú àlùmọ́gàjí. Bí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan mìíràn lẹ́nu mi lónìí, ẹ gbọ́ èyí: ẹ kọ orúkọ sí i. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ ṣe é fún. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó wà nínú àwòrán. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí kò ní bá ẹlòmíràn mu. Èyí tó kù, ọwọ́ á kọ́ ọ.

Kí káàdì tó dé, a ti ń ránṣẹ́

Ta ló mọ àrokò nínú yín? Ẹ nawọ́ sókè. Mo rí ọwọ́ àwọn àgbà. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ tẹ́tí.

Kí pósítọ́ọ̀fíìsì tó dé ilẹ̀ yìí, àwọn bàbá ńlá wa ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí wọ́n bá so owó ẹyọ méjì pọ̀ tí wọ́n kọjú síra, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ, ìbátan ni wọ́n kà ọ́ sí, wọ́n sì fẹ́ kí ẹ fojú kanra. Bí owó ẹyọ méjèèjì bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé, kí oníkálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá wá fi ìyẹ́ ẹyẹ kan há méjì tó kọjú síra yẹn, kíá ni wọ́n fẹ́ rí ọ, má jẹ̀ẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Owó ẹyọ kan náà o! Bí wọ́n ṣe kọjú rẹ̀ ló yàtọ̀. Bí òwe bí òwe là ń lùlù agídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ̀rọ̀ àrokò? Nítorí pé ẹni tó ń so àrokò mọ ẹni tó ń rán an sí. Kò sí àrokò tí wọ́n kó sínú igbá lọ́jà pé kí ẹni tó bá wù wá mú ọ̀kan. Ti Lágbájá ni, Lágbájá ló sì máa tú u.

Ẹ jẹ́ ká yà sí Badagry díẹ̀. Ní December 1842, àwọn míṣọ́nárì méjì, Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend, jọ ṣe Kérésìmesì níbẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1843, ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Henry Cole wo iye lẹ́tà tó yẹ kí òun kọ fún ọdún, ó rí i pé ọwọ́ òun ò ní ká a. Láti 1840 ni owó lẹ́tà ti di pẹ́nì kan péré ní ilẹ̀ wọn, gbogbo ènìyàn sì ń kọ̀wé sí gbogbo ènìyàn. Cole bẹ ayàwòrán kan, John Callcott Horsley, pé kó ya káàdì kan fún òun. Wọ́n tẹ 1,000, ṣílè kan ni wọ́n ń ta ọ̀kan. Òun ni wọ́n kà sí káàdì Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ tà. Ẹ̀yin ọmọ Badagry tó wà níbí, ẹ gbọ́: Kérésìmesì yín ṣáájú káàdì Kérésìmesì. Ẹ máa fi yangàn.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Horsley ya ìdílé tó jókòó sídìí oúnjẹ, ó ya àwọn tó ń bọ́ aláìní sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ya àwọn tó ń fi aṣọ wọ aláìní sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n tẹ ìkíni sí i. Síbẹ̀ wọ́n fi àyè méjì sílẹ̀: ọ̀kan fún orúkọ ẹni tó máa gbà á, ọ̀kan fún orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ tẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó ku orúkọ. Orúkọ, ọwọ́ ló máa kọ ọ́.

Kí la fẹ́ kọ sínú rẹ̀?

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ níbí, nítorí ibí ló nira jù. Gígé ò nira.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa ní Agric. Nígbà tí bàbá pé 70 ọdún, àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun fi káàdì ńlá kan ránṣẹ́, irú èyí tí wọ́n bá ti ṣí, á máa kọrin. Ó kọrin lóòótọ́, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń pa á dé, títí bátìrì rẹ̀ fi kú. Ọmọ-ọmọ bàbá, tó ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gé páálí kọnfùléèkì, ó fi àǹkárá lẹ̀ ẹ́ lójú, èyí tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n rán bùbá ìyá àgbà. Kí ló kọ sínú rẹ̀? Ó ti lọ bá ìyá àgbà ní kọ̀rọ̀ pé kí wọ́n sọ oríkì bàbá fún òun. Ó kọ orúkọ oríkì bàbá, ó kọ orílẹ̀ wọn, ó kọ orúkọ ìyá tó bí bàbá, ó wá fi sí ìsàlẹ̀ pé, “Ẹ ṣeun tí ẹ máa ń dúró dè mí lẹ́nu géètì.” Bàbá ní kí wọ́n kà á. Wọ́n kà á. Àwọn àlejò ń retí ìrẹsì, bàbá ní kí wọ́n tún un kà.

Ẹ wo páálí kọnfùléèkì! Bí a bá ń gúnyán nínú ewé, tí a ń sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: nígbà tí ọjọ́ ìbí yín kẹ́yìn dé, mélòó nínú ọ̀rọ̀ tó wọ WhatsApp yín ni ẹ rántí? Ẹ ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ ṣe púpọ̀ ọdún láyé, ìgbà ọ̀tun, owó ọ̀tun.” Ó dùn, àdúrà ni, a sì ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìyá ìjọ, ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe. Èmi ò bá WhatsApp jà o, orí rẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ ìròyìn ìpàdé yìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá jókòó ti ìwé àti àlùmọ́gàjí láti ìrọ̀lẹ́ títí wọ́n fi mú iná lọ, tó tún wá kọ ọ̀rọ̀ tó bá gbogbo ayé mu sínú rẹ̀, ó ti fi iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣòfò.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó gbé kálàmù, ẹ wo ẹni náà. Kí ló ṣe fún yín tí ẹlòmíràn ò ṣe? Kí ló máa ń sọ? Báwo ló ṣe máa ń pè yín? Bí ẹ bá fẹ́ kọ káàdì ọpẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín, ẹ má kọ “mo dúpẹ́ fún gbogbo ohun tí ẹ ṣe fún mi.” Gbogbo ohun, èwo nínú rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ tí òjò dá wa dúró ní Ọ̀dógúnyàn, ẹ̀yin lẹ gbé mi kọ́ ẹ̀yìn kọjá gọ́tà, bàtà yín kan sì bá omi lọ. Mi ò gbàgbé bàtà yẹn.” Ó tán. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ọmọdé tó bá sì dúpẹ́ oore àná, ẹ mọ èyí tó kù.

Káàdì ìbánikẹ́dùn ńkọ́? Òun ló ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù jù. “Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Ọlọ́run yóò tù yín nínú,” ẹ kọ ọ́, ó yẹ ká kọ ọ́. Àmọ́ ẹ wá fi ìlà kan tì í lẹ́yìn: ẹ dárúkọ olóògbé, kí ẹ sọ ohun kan tó ṣe tí ẹ fojú yín rí. “Mo rántí bí Ìyá Ẹlẹ́ja ṣe máa ń ju ẹja kan sínú ọ̀rá mi lẹ́yìn tí mo bá ti sanwó tán.” Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ á ka ìlà yẹn ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí ó fún un ní ohun kan nípa ìyá rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Ẹ má sì lẹ nǹkan tó ń dán mọ́ ọn. Ìwé tó mọ́, ìlà dúdú kan ní etí, ó tó.

Ẹ lo èdè tí onítọ̀hún fi ń bá yín ṣeré. Bí ó bá jẹ́ Ìjẹ̀bú ni ẹ jọ ń sọ nílé, ẹ fi Ìjẹ̀bú kọ ọ́. Ta ló máa mú yín?

Ọ̀rọ̀ ìwé, gọ́ọ̀mù àti aṣọ

Ó yá, iṣẹ́ ọwọ́. Ìwé ẹ̀dà tí wọ́n ń lò ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, gíráàmù 80 ni mítà kan níbùú lóròó rẹ̀ wúwo tó, ó fẹ́lẹ́ jù. Kò lè dúró lórí tábìlì. Ẹ béèrè páálí funfun tó wà láàárín gíráàmù 200 sí 300. Àwọn tó ń lọ sí Ṣómólú, ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé, ẹ béèrè gígé tó ṣẹ́ kù lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ. Wọ́n máa ń tà á ní ọ̀pọ̀, ojúlówó páálí sì máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ká A4 sí méjì, 148 sí 210 mìlímítà lẹ máa rí. Bí ẹ bá gé A4 sí méjì kí ẹ tó ká a, 105 sí 148 ni, ìyẹn sì wọ inú àpò ìwé C6 tó jẹ́ 114 sí 162 wẹ́rẹ́. Ẹ wá àpò ìwé kí ẹ tó gé káàdì, kì í ṣe lẹ́yìn.

Kí ló ń mú kí ojú ibi tí a ká páálí sán? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí ìdí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ṣe máa ń rí jágajàga. Nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣe ìwé, fọ́nrán inú rẹ̀ máa ń dùbúlẹ̀ sí ọ̀nà kan. Bí ẹ bá ká a ní ọ̀nà tí fọ́nrán gbà lọ, á gbọ́ tiyín. Bí ẹ bá dá a ní ìbú, á sán, á yọ irun. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ẹ mú páálí lọ́wọ́, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ ní gígùn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó ṣẹ́. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ ní ìbú. Ọ̀nà kan á rọ̀ wọ̀, èkejì á máa takú mọ́ yín lọ́wọ́. Èyí tó rọ̀ ni kí ẹ gbà ká a. Lẹ́yìn náà, ẹ fi rúlà lélẹ̀, ẹ mú báírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán, ẹ fa ìlà kan tó jin díẹ̀ sí ibi tí ẹ fẹ́ ká. Ẹ wá ká a, kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ máa rí i pé ojú rẹ̀ á gún gbọọrọ.

Aṣọ: ẹ má ra aṣọ nítorí káàdì. Ilé ta ni kò ti sí àjákù aṣọ ẹbí? Àwọn télọ̀ yín ní Sábó ń dà á nù lójoojúmọ́. Ẹ lọ̀ ọ́ kí ẹ tó lò ó. Kí ẹ sì tó gé òdòdó tàbí ọkàn tàbí ohun yòówù tí ẹ fẹ́ gé, ẹ lẹ gbogbo aṣọ náà mọ́ ìwé fẹ́lẹ́ kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ, nígbà náà ni kí ẹ gé e. Etí rẹ̀ ò ní tú. Bí ó bá jẹ́ léèsì oníhò ni, ẹ fi ìwé aláwọ̀ sí abẹ́ rẹ̀, ihò á máa fi àwọ̀ hàn. Adìrẹ ló rọrùn jù lọ, nítorí ó ti ní àwòrán lára, ẹ ò nílò láti ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ mọ́.

Gọ́ọ̀mù olómi tí ẹ bá fi púpọ̀ sí á mú kí ìwé ká kò. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, kí ẹ sì gbé ìwé ńlá lé e títí á fi gbẹ. Bí owó gọ́ọ̀mù bá wọ́n, sítáàṣì tí ẹ fi ń lọ aṣọ wà. Ẹ fi omi tútù po ṣíbí kan títí kò fi ní kókó mọ́, ẹ da omi tó ń hó lé e, ẹ máa rò ó títí á fi kúrò ní funfun tí á máa dán. Ó ń lẹ aṣọ mọ́ ìwé dáadáa. Ẹ̀kọ láfún tí àwọn aládìrẹ ń fi kọ adìrẹ ẹlẹ́kọ kò jìnnà sí i. Aáyán fẹ́ràn rẹ̀ o! Nítorí náà, ti káàdì nìkan ni. Ẹ má gbé e wọ inú ìwé ìrántí, ibẹ̀ ni mo sì ń lọ báyìí.

Ìwé ìrántí

Ìyá àgbà kan kú ní Ìjẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ gbé álíbọ́ọ̀mù ìyá jáde. Àwòrán kan wà níbẹ̀: ìyá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó wé gèlè, ọkùnrin kan tó dé abetí-ajá dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga. Kì í ṣe bàbá wọn. Ta ni? Ẹnìkan ní ẹ̀gbọ́n ìyá ni. Ẹnìkan ní ọkọ àárọ̀ ni. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀, ohùn ròkè, àwọn àna ń wòye. Àgbà kan ládùúgbò ló wá tú u: ọ̀gá tó kọ́ ìyá níṣẹ́ ìránṣọ ni, lọ́jọ́ tí ìyá gba òmìnira. Bí àgbà yẹn bá ti ṣáájú ìyá lọ ńkọ́? Ìránṣọ tí ìyá fi tọ́ gbogbo wọn, ọ̀gá tó kọ́ ọ ni wọ́n fẹ́ sọ di àlè.

Ẹnu àgbà lobì tí ń gbó. Ẹ gbé álíbọ́ọ̀mù lọ bá wọn nígbà tí ojú wọn ṣì ń ríran. Ẹ béèrè: ta nìyí, níbo ni, aṣọ kí ni? Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn àwòrán, ní etí, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́. Báírò á yọ síwájú, yíǹkì rẹ̀ sì lè ràn mọ́ àwòrán tó wà lábẹ́.

Ìwé ìròyìn tí ẹ gé sínú ìwé ìrántí máa pọ́n, á sì kó èérí bá àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí ìwé funfun, ẹ̀dà ni kí ẹ lẹ̀. Sẹ́lótéèpù, rárá. Ó máa ń pọ́n, á gbẹ, á já, á fi gọ́ọ̀mù rẹ̀ sílẹ̀ lára àwòrán. Àwọn álíbọ́ọ̀mù àtijọ́ tí ojú ewé wọn ń lẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá bò lókè, tí gbogbo wa rà nígbà kan, àwọn ló ba àwòrán jẹ́ jù. Bí àwòrán bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má fà á. Ẹ mú òwú tí wọ́n fi ń ta eyín, ẹ tì í bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ rọra máa fà á síwá sẹ́yìn. Òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà náà, Mark Twain, gba ìwé àṣẹ lórí irú ìwé tó ti ní gọ́ọ̀mù lójú ní 1873, ó sì pa owó lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ owó rẹ̀ lọ. Tiwa ni ká gé ìwé sí igun mẹ́ta kéékèèké, ká ká a bí àpò, ká fi bọ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán, ká wá lẹ igun yẹn mọ́ ojú ewé. Gọ́ọ̀mù ò kan àwòrán rárá. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ yọ ọ́.

Àwòrán kan ṣoṣo tí ẹ ní, ẹ má gé e. Ẹ ṣe ẹ̀dà. A sì wà létí ọ̀sà níbí, ọ̀rinrin pọ̀. Ẹ má gbé ìwé ìrántí sí ilẹ̀ tàbí ara ògiri tó ń tutù, á bu.

Kí la lè fi sí ojú ewé yàtọ̀ sí àwòrán? Àjákù aṣọ ẹbí ọjọ́ náà, ìwé ètò ìsìn, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi láti Ìpákodò, bí ìyá ṣe ń se ẹ̀fọ́ rírò ní ọwọ́ ìkọ̀wé ìyá gan-an. Irun ọmọbìnrin yín pẹ̀lú. J. D. ’Okhai Ojeikere, ayàwòrán oníkámẹ́rà tó ní ilé ìyàwòrán ní Ketu, ní Èkó níbí, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun obìnrin ní 1968, ó ya wọ́n tó 1,000 kó tó kú ní 2014, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ láti ẹ̀yìn orí. Wọ́n ti gbé àwòrán wọ̀nyẹn dé Paris. Irun tí ẹ dì fún ọmọ láàárọ̀ Mọ́ńdè ni o! Ẹ yà á látẹ̀yìn, ẹ kọ orúkọ irun náà sí abẹ́ rẹ̀, ṣùkú ni tàbí kòlẹ́sẹ̀ tàbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó dì í.

Àwòrán tó wà nínú fóònù, ẹ mọ bó ṣe ń rí: fóònù bọ́ sómi, ó tán. Lóṣooṣù, ẹ mú díẹ̀ lọ tẹ̀.

Ìyá kan ti ń nawọ́ láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ̀rọ̀, mà. … Ó ní èló ni ká máa tà á. Ẹ ṣírò páálí, gọ́ọ̀mù, àpò ìwé àti owó ọkọ̀ tí ẹ fi lọ rà á, kí ẹ wá ṣírò wákàtí yín bí télọ̀ ṣe ń ṣírò tirẹ̀. Ẹ má fojú owó káàdì tí wọ́n tẹ̀ wò ó. Bí oníbàárà bá sì dé, ẹ má kọ́kọ́ bi í léèrè àwọ̀ tó fẹ́. Ẹ bi í pé, “Ta lẹ fẹ́ ṣe é fún, kí ló sì ṣe fún yín?” Bí kò bá rí èsì, ẹ fún un ní àga kó jókòó rò ó.

Ó yá, ẹ dìde. Páálí wà ní tábìlì àkọ́kọ́, aṣọ wà ní ìkejì, àwọn báírò tí yíǹkì wọn ti tán wà nínú agolo mílíìkì yẹn. Rúlà ò tó, méjì méjì ni kí ẹ máa lo ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú àlùmọ́gàjí kó tó fi orúkọ ẹni tó fẹ́ ṣe é fún hàn mí lórí ìwé. Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí.